Akẹtẹ̀ Búlúù Lẹ́nu Géètì

Èmi ni mo ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n
ní Sàláínà, ilẹ̀ Kánsáàsì,
ìlú tí àká àlìkámà ti ga ju ilé Ọlọ́run lọ.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta kọjá,
bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa rọra yọ nínú yìnyín,
ó ń sọ àwọn arúgbó kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ahun tó ń ka owó tí kò fẹ́ ná.

Mo mọ gbogbo wọn.
Bàbá Friesen, tó fa etí mi títí mo fi mọ Sáàmù sórí.
Ludene atẹdùùrù, ìbọ̀wọ́ méjì ló wọ̀ léra.
Ìyá mi ló sọ̀ kẹ́yìn,
ó gbá páálí mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.
BÁYÌÍ KỌ́ NI A RÍ, ohun tó kọ sí i nìyẹn.

Eré alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló bí wọn nínú:
díákónì kan wà níbẹ̀, Bíbélì lábíyá,
owó opó nínú àpò ṣòkòtò;
obìnrin kan wà níbẹ̀ tó dé akẹtẹ̀ búlúù,
tó ń gbàdúrà sórí ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi dì,
ẹ̀rín á sì bú,
ẹ̀rín tí kò lẹ́nu, tí kò léyín,
ẹ̀rín tí wọ́n tọ́jú sínú ẹ̀rọ.

Òfin ilé iṣẹ́ ni pé kí wọ́n jìnnà ní ogún ìṣísẹ̀.
Mo lọ bá ìyá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn."
Ó wo aṣọ iṣẹ́ mi láti ọrùn dé bàtà.
Ó ní, "Harlan, ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀gá pè mí láti òkè: "Mélòó ni wọ́n?"
Mo ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
N kò ka ìyá mi mọ́ wọn.

Nígbà tó yá, òtútù lé e wọ inú àgọ́ mi.
Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kọfí,
eré ọjọ́sí ni wọ́n tún ń gbé jáde.
Díákónì yọ. Ó tẹ́wọ́ gba àpótí ọrẹ,
ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.
Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré,
bí ẹni tí ata ta sí lọ́fun.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
"Alvin Reimer nìyẹn," ó ní.

Alvin akápò wa. Alvin tó kó owó òrùlé lọ sí Arisónà.
Ọdún méjìlá rèé, garawa ṣì wà lábẹ́ ibi tó ń jò,
lẹ́bàá ìjókòó kẹta.
Kò sẹ́ni tó gbé páálí lọ sílé Alvin.
Orin ìdágbére la kọ fún un.
A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá;
àwa fi í sílẹ̀, a tún fi aṣọ funfun bò ó.

Ó wo páálí rẹ̀, ó pẹ́. Ó ní kí n yá òun ní bírò.
Òtútù ti mú bírò mi, kò kọ nǹkan kan.
"Olè yẹn," ó ní, "àwa la yá wọn.
Ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ yìí, bàbá rẹ ló rà á fún mi
lọ́dún tí òjò yìnyín pa gbogbo oko wa.
Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"
N kò lésì. Ó fi owó kọfí sílẹ̀, ó jáde.

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú yìnyín,
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù.

Ìròyìn alẹ́ fún wọn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án.
Aago mọ́kànlá, fóònù dún.
"Ṣé wọ́n fi wá hàn?"
"Wọ́n fi akẹtẹ̀ yín hàn, etí rẹ̀ kan."
"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"
"Rárá, Ìyá. N kò gbọ́ ẹ̀rín kankan."
N kò sọ fún un pé mo ti pa ohùn rẹ̀
kí ó tó bẹ̀rẹ̀.